Ìwé Nípa Ẹ̀dá Ènìyàn: Bí A Ṣe Ń Kà Á Títí Yóò Fi Yé Wa Dénú

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí jù ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé wo ni kí n kà kí n lè mọ bí ọmọ aráyé ṣe ń ronú?" Bí wọ́n bá ti bi mí tán, wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á fi orúkọ ìwé ogójì tí ẹnì kan tò jọ hàn mí. Èmi kì í to ìwé ogójì fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ ẹnì kan tó kó gbogbo irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí fóònù lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, tí kò ka ojú ewé mẹ́wàá nínú wọn títí ọdún fi yí po. Ọ̀nà tí èmi ń gbà kà wọ́n ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, àti àwọn tí mo máa kọ́kọ́ gbé síwájú àbúrò mi tí a jọ ń gbé ilé bó bá jẹ́ òun ló bi mí.

Orí nǹkan kan ni ọ̀nà náà dúró lé. Ìwé tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn, ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tí kò kà á. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, kò tíì yé yín, bó ti wù kí ẹ fi báírò fàlà sábẹ́ rẹ̀ tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú ìbéèrè dání kí ẹ tó mú ìwé

Mi ò sọ ìbéèrè ilé ẹ̀kọ́. Èyí tó ń dùn yín gan-an ni mo ń sọ. Kí ló dé tí mo fi kó owó ọjà fún àwọn oní-sogúndogójì nígbà tí ara mi ti ń sọ fún mi pé irọ́ ni? Kí ló dé tí mi ò lè kọ̀ fún ọ̀gá mi nígbà tó ní kí n ṣe ohun tí kò tọ́? Ikú bàbá mi kò tíì kúrò lára mi, báwo ni àwọn ẹlòmíràn ṣe ń la irú rẹ̀ já? Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nóòtù yín, gbólóhùn kan péré.

Ìbéèrè yẹn ni yóò yan ìwé fún yín. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ìwé Viktor Frankl ló kàn. Ẹni tí ọ̀gá ń tì sínú ohun tí kò fẹ́, ìwé Stanley Milgram. Ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì, kó wá Influence tí Robert Cialdini tẹ̀ jáde ní 1984. Cialdini kò jókòó sí ilé ẹ̀kọ́ nìkan láti kọ ọ́. Ó lọ kọ́ṣẹ́ láàárín àwọn tó ń ta ọkọ̀ àtàwọn tó ń tọrọ owó ìtọrẹ, kó lè rí ọgbọ́n tí wọ́n ń dá pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ẹni tó bá kà á kò ní rìn nínú ọjà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n bá ní "ẹ kàn tọ́ ọ wò, ọ̀fẹ́ ni," yóò mọ̀ pé gbèsè kékeré kan ti wọ òun lọ́rùn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá ní "ó ku méjì péré," yóò mọ ìdí tí àyà òun fi já.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìwé pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn ni pé ìwé tó bá lókìkí gbọ́dọ̀ nípọn. Mẹ́ta nínú àwọn tí mo fẹ́ràn jù kò nípọn rárá.

Àkọ́kọ́ ni Apology, tí Plato kọ. Ọ̀rọ̀ tí Socrates, ọlọ́gbọ́n tó jẹ́ olùkọ́ Plato, sọ ní ilé ẹjọ́ ní Áténì ló wà níbẹ̀, ní 399 kí a tó bí Jésù, nígbà tó pé ẹni 70 ọdún. Wọ́n ní ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́, àti pé kò bọ àwọn òrìṣà ìlú. Ẹjọ́ náà dá a lẹ́bi, wọ́n sì ní kó kú. Alẹ́ kan tó láti kà á parí. Ẹ fetí sí ibi tó ti ń sọ bí òun ṣe ń tọ àwọn olóṣèlú, àwọn akéwì àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ láti mọ ẹni tó gbọ́n, àti bó ṣe rí i pé ohun kan ṣoṣo tí òun fi jù wọ́n lọ ni pé òun mọ̀ pé òun kò mọ̀.

Èkejì ni Enchiridion ti Epictetus, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì kan. Ẹrú ni wọ́n bí i. Òun fúnra rẹ̀ kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, Arrian ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. Ìpín kéékèèké 53 ni, òmíràn kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí pé àwọn nǹkan kan wà ní ìkáwọ́ wa, àwọn kan kò sí níbẹ̀. Marcus Aurelius tó jọba Róòmù láti 161 sí 180 ka Epictetus, ó sì dúpẹ́ nínú ìwé tirẹ̀, Meditations, lọ́wọ́ ẹni tó yá a ní ọ̀rọ̀ náà kà. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ wa lemọ́lemọ́: ọba tí gbogbo ayé ń dọ̀bálẹ̀ fún jókòó lóru, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ti fi ṣẹrú rí.

Ẹ̀kẹta ni Man's Search for Meaning. Dókítà ọpọlọ ni Frankl ní Vienna. Àwọn Nazi kó òun, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn òbí rẹ̀ lọ sí àgọ́ ìjìyà nítorí pé Júù ni wọ́n. Bàbá, ìyá àti ìyàwó kò padà wá. Nígbà tí òun dé ilé, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi pe ọ̀rọ̀ ìwé náà jáde, ó sì jáde ní 1946. Apá méjì ló ní. Apá kìíní ni ohun tí ojú rẹ̀ rí, ìkejì ni ọ̀nà ìtọ́jú tó gbé kalẹ̀. Tí ẹ bá ka apá kìíní tán, ẹ pa á dé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má kánjú wọ ìkejì.

Àwọn tó nípọn lè dúró. The Principles of Psychology tí William James tẹ̀ jáde ní 1890 lé ní ẹgbẹ̀rún ojú ewé. Orí kẹrin tó sọ nípa àṣà tó ti mọ́ni lára ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, ó tó oúnjẹ oṣù kan. Ti Freud, dókítà ọpọlọ ará Vienna, lórí àlá, ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi ní ẹni tí ẹ ó jọ máa jiyàn lé e lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí ẹ ó ṣe rí wọn

Plato, Epictetus, Marcus Aurelius àti William James ti di ọ̀fẹ́, nítorí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kú. Ẹ wọ Project Gutenberg lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ẹ gbé e sórí fóònù. Ìwé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán kì í jẹ dátà bíi fídíò. Àwọn ìwé tuntun, ẹ ra wọn tàbí kí ẹ yá wọn. Ilé ìkàwé tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898, àti ti yunifásítì LAUTECH, ẹ lọ bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà bóyá ará ìta lè jókòó kà níbẹ̀. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ sọ ìwé tí ẹ ń wá ní orúkọ.

Bí ẹ bá ń ra ìwé tòkunbọ̀ tàbí èyí tí wọ́n tẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹ ṣí i látòkèdélẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Mo ti ra ọ̀kan rí tí ojú ewé méjìlélọ́gbọ̀n kò sí láàárín rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù gan-an ló já sí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pín nóòtù yín sí méjì

Ẹ fa ìlà sí àárín ojú ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Sí òsì, ẹ kọ "Mo mọ̀." Sí ọ̀tún, ẹ kọ "Mo gbà gbọ́."

Inú ìwé kan ni mo ti rí i. Ní 1986, Barry Hallen, òyìnbó Amẹ́ríkà, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n J. O. Ṣódípọ̀ tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Knowledge, Belief and Witchcraft. Àwọn oníṣègùn Yorùbá ni wọ́n jókòó tì, tí wọ́n ń bi léèrè ohun tí a ń pè ní ìmọ̀ àti ohun tí a ń pè ní ìgbàgbọ́. Ohun tí wọ́n bá padà ni pé ìlànà Yorùbá le ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí, tó sì dá mi lójú, ni mo lè sọ pé mo mọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn sọ fún mi, mo gbọ́ ọ, mo sì gbà á; mo gbà á gbọ́ nìyẹn, ó di ìgbà tí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò. Òyìnbó máa ń sọ pé òun mọ ohun tó kà nínú ìwé. Ẹnu tiwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú Thinking, Fast and Slow (2011), Daniel Kahneman tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002 sọ pé ìrònú wa oríṣi méjì ni: èyí tó máa ń sáré dáhùn, àti èyí tó ń lọ́ra tó sì máa ń rẹni. Ẹ dán an wò báyìí. Nóòtù kan àti báírò kan jẹ́ ₦1,100 lápapọ̀. Nóòtù fi ₦1,000 wọ́n ju báírò lọ. Èló ni báírò?

Bí ₦100 bá ti sáré wá sí ọkàn yín, ẹ ṣírò rẹ̀ padà. Bí báírò bá jẹ́ ₦100, nóòtù á jẹ́ ₦1,100, àpapọ̀ á di ₦1,200. ₦50 ni báírò. (Mo yí nǹkan tó ń tà padà ni, bọ́ọ̀lù àti igi tí wọ́n fi ń gbá a ló wà nínú ìwé.) Ìrònú tó ń sáré yẹn, ẹ ti rí i lára yín báyìí. Ó lọ sí òsì: Mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n orí kan wà nínú ìwé yẹn kan náà tó sọ pé ọ̀rọ̀ kan tí a kàn gbọ́ tàbí tí a kàn rí lè yí bí a ṣe ń rìn àti bí a ṣe ń hùwà padà láìmọ̀. Àwọn olùwádìí mìíràn gbìyànjú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò dúró, Kahneman fúnra rẹ̀ sì jáde ní 2017, ó ní òun gbára lé ìwádìí tí ènìyàn inú rẹ̀ kò pọ̀ tó. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá ti kọ orí náà sí ọ̀tún láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ohunkóhun tó máa pa rẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gbé e lọ sọ fún ẹni tí kò kà á

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe bí ẹ ò bá tiẹ̀ ṣe ìyókù.

Mo jókòó ti màmá mi lọ́jọ́ kan nínú ìsọ̀ wọn ní Ọjà Jagun. Láfún ni wọ́n ń tà. Wọ́n ń jọ èlùbọ́ lọ́wọ́, asẹ́ ń lọ ń bọ̀, ó ti fún wọn ní ẹfun dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Obedience to Authority ti Milgram tán, tó jáde ní 1974, mo sì ní kí n sọ ọ́ fún wọn.

Mo ní, "Màmá, òyìnbó kan wà ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà. Ní 1961, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ènìyàn wá, ó ní òun fẹ́ wo bóyá ìyà ń mú kí èèyàn tètè kẹ́kọ̀ọ́. Ó gbé ẹnì kan jókòó síwájú ẹ̀rọ tó ní bọ́tìnnì, láti agbára iná fóòtì (volt) 15 títí dé 450. Ẹnì kejì wà nínú yàrá kejì. Bí ìyẹn bá ti ṣi ìdáhùn, kí ẹni yìí tẹ bọ́tìnnì, kí iná gbé e. Kò sí iná kankan o, ẹni tó ń ké nínú yàrá kejì ń díbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò mọ̀. Nínú ènìyàn 40, àwọn 26 ló tẹ̀ ẹ́ dé ìparí, nítorí pé ẹnì kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bá a lọ."

Màmá dá asẹ́ dúró. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń pàṣẹ yẹn, ṣé ó dúró tì wọ́n lórí ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tó bá wá jáde síta ńkọ́?"

Mo ti ka ìwé náà tán o. Ìbéèrè yẹn kò sọ sí mi lọ́kàn rí. Mo ṣí i níbẹ̀, mo wá a títí mo fi rí i: Milgram náà ti bi ara rẹ̀ ní ohun kan náà. Nígbà tí apàṣẹ jáde tó ń fi tẹlifóònù sọ̀rọ̀, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dé ìparí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn kan tiẹ̀ ń tẹ bọ́tìnnì tó kéré jù, wọ́n ń sọ lórí tẹlifóònù pé àwọn ń lọ sókè.

Màmá ní, "Ọmọ tó ń bá mi jọ èlùbọ́ nìyẹn. Bí mo bá ti yí ẹ̀yìn báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ló ń jọ ọ́, á ní òun ti jọ ọ́ lẹ́ẹ̀méjì." Wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n tún ní, "Àmọ́ ti èyí tó o sọ yìí, oore ni irọ́ tí wọ́n pa."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé gbogbo ìwé tí mo bá kà lọ sí ìsọ̀ yẹn. Ẹ wá ẹni tiyín. Kó jẹ́ ẹni tó ti rí ayé, tí kò sì ní tìtorí pé inú ìwé ló ti wá kó fi gbà fún yín. Ẹ má ka ìwé sí i létí. Ẹ pa á dé, ẹ sọ ọ́ bí ìtàn. Ibi tí ẹ bá ti ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó lè gbà yín sílẹ̀, ẹ sàmì sí ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó padà lọ kà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gbé ti ilé sí ẹ̀gbẹ́ ti òkèèrè

Ó ń dùn mí tí ọmọ Ọ̀yọ́ bá lè sọ̀rọ̀ lórí Róòmù tí kò sì mọ ohun tí wọ́n kọ ní àdúgbò rẹ̀. Ọ̀yọ́ ni Samuel Johnson ti ṣe pásítọ̀, ibẹ̀ ló sì ti parí The History of the Yorubas ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, kó tó wá jáde ní 1921. Ìtàn ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ kà á bí ìwé nípa ẹ̀dá. Ẹ ka ibi Baṣọ̀run Gáà pẹ̀lú ìbéèrè yín lọ́wọ́.

Gbogbo wa la mọ òwe rẹ̀: bí o bá láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sọ òótọ́. Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ apá kejì Republic ti Plato, níbi tí Glaucon ti sọ ìtàn darandaran kan tó rí òrùka tó ń sọ ọ́ di àìrí. Ẹni tí kò sí ojú tó lè rí i, ṣé yóò ṣe rere? Òwe tiwa ní kí a rántí ikú Gáà. Glaucon ní, bí ikú Gáà kò bá sí ńkọ́? Mo ti rí àwọn géńdé mẹ́rin tí wọ́n fi wákàtí méjì jiyàn lórí ìyẹn, tí oúnjẹ sì tutù sílẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá náà. Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá tirẹ̀, èdè Yorùbá ló fi kọ ọ́. Ó tún kọ̀wé lórí ìwà pẹ̀lẹ́, ó sì mú ìtàn Ìwà wá, ọmọ Sùúrù, tó jẹ́ aya Ọ̀rúnmìlà. Ọ̀rúnmìlà lé e lọ, gbogbo nǹkan rẹ̀ dàrú, ó wá di ẹni tó ń wá Ìwà kiri láti ilé dé ilé. Bákan náà ni ìtàn àwọn Orí tí wọ́n ṣèpàdé láìpe Ẹsẹ̀, tí ohun tí wọ́n pinnu kò sì ṣeé ṣe títí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é. Ẹ ka ìyẹn tẹ̀ lé Epictetus, ẹ wò ó bóyá ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Lójú tèmi, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Epictetus ní kí ẹ jáwọ́ lára ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ yín. Ìtàn Ẹsẹ̀ ní orí tí ẹ yàn kò lè dé ibì kankan bí ẹ ò bá dìde.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ síwájú, African Philosophy ti Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin (1991) là á sílẹ̀ dáadáa, láti orí ara, ẹ̀mí, ọkàn àti orí. Sophie Olúwọlé sì fi odindi ìwé kan gbé Socrates àti Ọ̀rúnmìlà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹni tó ti ka Apology tán ló máa gbádùn rẹ̀ jù. Frantz Fanon kì í ṣe Yorùbá, ọmọ Martinique ni, ṣùgbọ́n orí kìíní Black Skin, White Masks (1952) tó kọ lórí èdè, àwọn òbí tó ń na ọmọ nítorí Yorùbá nínú ilé ló yẹ kó kọ́kọ́ kà á.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wá ẹni mẹ́ta sí i

Ẹ má ju márùn-ún lọ. Ẹ má fi sí Sátidé, nítorí òkú àti ìyàwó kò ní jẹ́ kí ẹ pé. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni tiwa, wákàtí kan. Ẹnì kan á kọ́kọ́ sọ ohun tó kà láì ṣí ìwé, àwọn yòókù á bi í léèrè. Orí kan lọ́sẹ̀ ti tó.

Wàhálà tó máa ń wà níbẹ̀ ni ti ọjọ́ orí. Bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé á dákẹ́, ìjíròrò á kú. Ohun tó gbà wá ni pé kò sí ẹni tó ń ta ko ẹnikẹ́ni lójúkojú. Ìwé ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Ọmọdé á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Milgram ní 36 nínú 40 ló kọ̀ nígbà tí àwọn méjì tí wọ́n jọ jókòó kọ́kọ́ kọ̀. Ṣé ẹ ò rò pé ìyẹn yí ohun tí ẹ sọ padà?" Àgbà náà á dá Milgram lóhùn, ìjà kò ní sí.

Ìkìlọ̀ kan

Ẹ má fi ìwé kan tí ẹ kà ṣe dókítà aládùúgbò. Bí ẹni yín kò bá sùn mọ́, tí kò jẹun, tó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà Adéoyè Lámbò ti fi hàn ní Aró, Abẹ́òkúta, láti 1954 pé ẹni tí ara ọpọlọ rẹ̀ kò dá lè gba ìtọ́jú láàárín ẹbí àti ará abúlé láì jẹ́ pé a tì í mọ́lé. Ẹ dúró ti ẹni yín níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: Ẹ tún un kà

Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ padà sí ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ sì mú báírò àwọ̀ mìíràn. Ìwé Frankl tèmi ní ìlà aláwọ̀ búlúù káàkiri ibi tó ti ń ṣàlàyé ohun tí ìyà lè kọ́ ènìyàn. Pupa ni mo fi kà á lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn tí a sin bàbá mi. Ibi kan ṣoṣo ni mo fàlà sí: òwúrọ̀ kan tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, tí wọ́n ń dà wọ́n lọ síbi iṣẹ́ nínú òtútù, tó ń ro ìyàwó rẹ̀, tí kò sì mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè. Mo ti ka ojú ewé yẹn rí. Kò sí àmì búlúù kankan níbẹ̀.